Ọta Kan, Ẹran Méjì: Àṣìṣe Tí Mo Ti Rí Dé Góńgó

Lọ́dọọdún, bí àsìkò ọdẹ bá ti ṣí, iṣẹ́ mi ni láti mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ wọ igbó. Wọ́n á gbé ìbọn tó ṣì ń rùn fún òróró ilé ìtajà dé, wọ́n á wọ bàtà tí kò tíì mọ ẹrẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan nínú wọn á ti pa ẹran, á dúró tì í, á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí n wá ya òun ní fọ́tò. Èmi ò ní rẹ́rìn-ín. Ohun tí etí mi ń gbọ́ ni ewé tó ń rún nínú igbó lẹ́yìn ibẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀. Ẹran kejì nìyẹn. Ọta kan náà ló bá àwọn méjèèjì, ẹni tó yìn ín ò sì mọ̀ pé ẹran kejì wà níbẹ̀ rárá.

Ó ti sú mi, mo sì fẹ́ tú u jáde nínú. Ẹran kejì yẹn lè gbówó lọ́wọ́ yín ju ìbọn tí ẹ rà lọ. Bí ìwé àṣẹ bá ní ọ̀kan, ọ̀kan náà ni. Èkejì lè di owó ìtanràn, ó lè mú kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín, ní ibòmíràn wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ìbọn gan-an. Síbẹ̀ àwọn kan ń fi yangàn: "Ọta kan ṣoṣo ni mo fi pa méjì!" Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ti rú òfin ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ò mọ ibi tí ọta rẹ̀ ń lọ. Èwo ni ti ìyangàn níbẹ̀?

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Wọ́n ti kọ́ yín kí wọ́n tó fún yín níwèé.

Àṣìṣe kìíní: Ẹran nìkan lẹ̀ ń wò

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Jeff Cooper, ará Amẹ́ríkà tó kú lọ́dún 2006, ló to òfin ìbọn mẹ́rin kan jọ tí àwọn olùkọ́ ìbọn ń kà sétí ọmọ tuntun. Ìkẹrin rẹ̀ ni pé kí ohun tí o fẹ́ yìn dá ọ lójú, àwọn olùkọ́ sì máa ń fi kún un pé, àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ máa ń kà á fún mi nínú ọkọ̀ lówùúrọ̀ bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Ṣùgbọ́n lọ́kàn yín, ilé, ọ̀nà tàbí èèyàn ni "ohun tó wà lẹ́yìn". Kò wá sí yín lọ́kàn pé ẹran lè wà lẹ́yìn ẹran.

Ẹ ka ẹsẹ̀. Ìgalà tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí yín ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ bá ka márùn-ún, ẹ gbé ìka kúrò. Bí koríko bá bo ẹsẹ̀, ẹ wo etí, ẹ wo ìrù. Ọmọ ẹran a máa fi ara ìyá rẹ̀ ṣe ògiri, ìhà kejì tí ẹ ò rí ló sì máa ń dúró sí, pàápàá bó bá ti gbóòórùn ohun tí kò yé e. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọ̀ ẹran àti àwọ̀ koríko gbígbẹ a di ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ní òun rí abo ìgalà kan ní etí igbó láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo máa ń bi í pé, "Ṣé o rí ọ̀kan ni, àbí o ò rí èkejì?"

Àṣìṣe kejì: Awò orí ìbọn tí ẹ yí dé òpin

Ẹ fara dà á fún mi níbí, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi.

Awò tó wọ́pọ̀ lórí ìbọn ọdẹ ni èyí tó ń mú nǹkan sún mọ́ni láti ìlọ́po 3 dé ìlọ́po 9. Ní mítà 100, bí ẹ bá fi í sí 3, ibi tí ẹ ó máa rí fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 11. Bí ẹ bá yí i dé 9, kò ní ju nǹkan bíi mítà 4 lọ. Mítà 7 ti pòórá lójú yín nìyẹn, agbo kékeré kan sì lè dúró síbẹ̀ dáadáa. Kò tán síbẹ̀ o. Bí awò bá ti ń mú nǹkan sún mọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà lẹ́yìn á máa ṣú bàìbàì. Irun ara ẹran tí ẹ fẹ́ pa á hàn kedere, ẹran tó wà ní mítà 10 lẹ́yìn rẹ̀ á dà bí igbó lásán.

Síbẹ̀, kí ni mo ń rí? Ẹni tí kò ní yìn kọjá mítà 70 láyé rẹ̀ á lọ ra awò tó dé ìlọ́po 25. Owó tó ná lé e tó ra ìbọn mìíràn. Kí ló fẹ́ fi kà? Irun imú ẹran? Mo ti rí ọ̀kan tó ń fi awò wá ẹran kiri bí ẹni fi ihò kọ́kọ́rọ́ wo ọjà. Ìgalà mẹ́ta ló rìn kọjá níwájú wa. Ó rí ìrù ọ̀kan.

Kí ẹ má rò pé wọ́n bí ọgbọ́n mọ́ mi. Ọdún kẹta mi nínú iṣẹ́ ni. Abo ìgalà kan jáde sí etí pápá ní ìrọ̀lẹ́, kò jìnnà ju mítà 60 lọ. Mo yí awò dé 9 nítorí pé mo fẹ́ rí ẹ̀yìn apá rẹ̀ dáadáa. Mo rí i lóòótọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ka irun rẹ̀ tán. Mo yìn ín. Ó sá ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀, ó ṣubú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo wá gba ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ lọ kí n lè wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọmọ rẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Kò tiẹ̀ sún kúrò lójú kan, ọrùn ni ọta ti bá a. Láàárín ìgbà tí mo ń yí awò ló ti rìn bọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Súfèé kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹyọ kan ni ìwé àṣẹ mi gbà. Mo pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ẹran igbó, ọ̀kan nínú wọn sì dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé. Ó bi mí pé, "Ẹran mélòó lẹ rí?" Mo ní ọ̀kan. Ó fi tọ́ọ̀ṣì tan ìyá, ó tan ọmọ, ó tún bi mí: "Mélòó lẹ rí?"

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò bá mi wí rárá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gba ìbọn mi, ó fi téèpù dúdú lẹ òrùka awò náà mọ́ 4, ó dá a padà fún mi. Ọdún méjì gbáko ni téèpù yẹn fi wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń bi mí pé kí ló ṣe awò mi, mo sì ń parọ́ pé ó ti bàjẹ́.

Àṣìṣe kẹta: Ọta tó ju ẹran lọ

Kátíríìjì (ọta pẹ̀lú ẹ̀tù tó ń tì í jáde) .308 Winchester ti wà látọdún 1952. .300 Winchester Magnum dé ní 1963. Ti àkọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi júùlù 3,500, ti ìkejì sì tó 4,700. Ní mítà 80, ìgalà tó gba ti àkọ́kọ́ ní ẹ̀dọ̀fóró á kú, èyí tó gba ti ìkejì náà á kú, ikú ò sì ní ìpele. Ohun tí ẹ fi owó rà lé e ni ẹ̀ṣẹ́ ní èjìká, ariwo tó ń mú yín dijú kí ẹ tó fà á, àti ọta tó jáde ní ìhà kejì tó ṣì ní agbára púpọ̀ láti bá ohun mìíràn jà.

Nítorí jíjáde ló máa jáde. Ẹ̀dọ̀fóró rọ̀, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, egungun ìhà ò sì nípọn. Ọta ráífù tó gba àárín ìhà méjì kọjá kò ní dúró torí pé ẹran tí ẹ fẹ́ ti kú. Kódà .308 sábà máa ń jáde. Ohun tó jáde yẹn ti fẹ̀ lórí, ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀, ó sì lè ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n kí ẹran kejì kú lójú ẹsẹ̀ bíi ti ọmọ ìgalà tèmi. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kán, tàbí ikùn ló máa ń lù. Ẹ ó wá fi gbogbo òru tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Mo ti fi òru kan tọ̀ ọ́. Oníbàárà kan gbé ìbọn magnum tuntun wá, ó ti ka ìwé nípa rẹ̀ ju bó ṣe yìn ín lọ. A bá agbo ẹlẹ́dẹ̀ igbó, bíi mẹ́tàlá, wọ́n ń tú ilẹ̀. Mo ní, "Dúró, kí akọ ńlá yẹn yà sọ́tọ̀." Ó ní òun dúró. Kò dúró. Akọ ṣubú lójú kan, agbo fọ́n ká, òun sì fò sókè. Mo ka àwọn tó ń sá lọ: mọ́kànlá. Mo tún kà lórí ìka. Abo kan ti yà sí ọ̀tún, kò bá àwọn yòókù lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ. A rí i láago mẹ́ta òru nínú ẹrẹ̀, itan rẹ̀ kan ti fọ́, ó ṣì ń gbìyànjú láti dìde. Èmi ni mo parí rẹ̀. Oníbàárà mi ti sùn nínú ọkọ̀.

Lára ìdílé àṣìṣe yìí náà ni ọta olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi bàbà bò lórí, irú èyí tí àwọn ológun ń lò. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Hague ní 1899 lòdì sí lílo ọta tó ń fẹ̀ lára èèyàn lójú ogun, nítorí náà ọta ológun kì í ṣí. Ó máa ń gún nǹkan já bí abẹ́rẹ́ ni. Ó dára fún pátákó ìdánrawò. Lára ẹran, ìnira ni fún àkọ́kọ́, ewu sì ni fún èkejì, ọ̀pọ̀ ibi ló sì ti fòfin dè é fún ọdẹ. Ẹ̀yin tó ń rà á torí pé ó pọ̀ nínú páálí, ẹ mọ ara yín.

Ọta tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, mi ò ní bú u, èmi náà ń lò ó. Ní California, láti 2019, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọta òjé ṣọdẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé kì í fọ́, ó ń mú ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé jáde lára ẹran, ó sì máa ń wọlé jìnnà ju ti òjé lọ. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọta, ẹ pààrọ̀ sùúrù náà.

Àwọn tó ń mú àlejò lọ bá ẹfọ̀n mọ ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ. Bí ẹfọ̀n bá wà láàárín agbo, ọta tó ń ṣí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi máa ń ṣíwájú. Ọta líle, èyí tí kì í ṣí, a wà nísàlẹ̀, fún ìgbà tí ẹfọ̀n bá ti gbọgbẹ́ tó sì kọ ìdí sí wọn. Ọta líle lè la ọ̀kan já kó lọ bá òmíràn nínú ikùn. Ẹfọ̀n tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ ti ṣe léṣe, òun mọ̀.

Àṣìṣe kẹrin: Yíyìn sáàárín agbo ẹyẹ

Ẹ yan ẹyẹ kan. Ẹni tó lé eku méjì ló ń pòfo, ẹni tó yin ẹgbẹ̀rún ẹyẹ á pa ọ̀kan, á ṣe mẹ́rin léṣe, àwọn mẹ́rin náà á lọ kú síbi tí ajá rẹ̀ ò ní dé.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ẹnu ìbọn ẹyẹ yín, èyí tó ń tú ọ̀pọ̀ ọta wẹ́wẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, fún, ọta rẹ̀ kì í fọ́n. Ó ń fọ́n. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ẹnu ìbọn tó fún jù ni pé kí ìdá 70 nínú 100 ọta wẹ́wẹ́ bọ́ sínú òbìrí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 76, ní nǹkan bíi mítà 36. Ìdá 30 yòókù ńkọ́? Ìta òbìrí ni wọ́n wà. Bí kátíríìjì yín bá kó ọta wẹ́wẹ́ 280, 84 nínú wọn ń lọ síbi tí ẹ ò tọ́ka sí. Tòlótòló igbó tó dúró ní ìṣísẹ̀ kan sí èyí tí ẹ fẹ́ pa, ọrùn rẹ̀ lè gba méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn, ìyẹn sì tó o. Àwọn ọta wẹ́wẹ́ tungsten tuntun tún wá burú sí i ní ti èyí. Wọ́n wúwo tó gíráàmù 18 fún sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan, òjé ò ju 11.3 lọ, nítorí náà èyí tó bá ṣìnà náà á ṣì pa nǹkan níbi tó jìnnà. Mo ti rí akọ tòlótòló méjì tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó yìn wọ́n sì bú sẹ́kún, torí ọ̀kan péré ni wọ́n gbà á láyè pa lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí orí wọn jìnnà síra wọn kí ẹ tó yìn. Ó parí.

Èyí tó kàn (mi ò mọ̀ bóyá ìkarùn-ún ni tàbí ìkẹfà, mo ti sọ méjì pọ̀ lókè) kì í tiẹ̀ ṣe ọta kan. Ọta méjì ni, àmọ́ ẹni tó yìn ín rò pé ẹran kan ni. Ó yìn, ìbọn ta á sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kúrò nínú awò. Ìgbà tó padà, ẹran ṣì dúró síbi tó wà. "Háà, mo tàsé!" Ó tún yìn. Nígbà tó débẹ̀, méjì ló bá, wọ́n sùn ti ara wọn bí ìbejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ọta kan lẹ́yìn apá. Ẹran àkọ́kọ́ ti ṣubú sínú koríko, òmíràn ló yọjú síbẹ̀. Bí ẹ bá ti yìn, tí ẹ ò sì rí ẹran kan tó gbọgbẹ́ lójú yín kòrókòró, ẹ dúró. Ẹ kà á dé 30 nínú ọkàn yín. Ẹran tí ẹ tàsé á sá lọ láìsí ewu kankan fún un, ẹran tó kú ò sì ní sá lọ.

Ìyókù, kíákíá:

Ọfà náà ń la ẹran já, ẹ̀yin tafàtafà ẹ má fojú sáfẹ́fẹ́.

Ọta .22 kékeré lè fò ju kìlómítà 1 lọ. "Ìbọn kékeré" kì í ṣe àwáwí.

Ẹ má yin ẹran tó ń sáré láàárín agbo. Mi ò ní ṣàlàyé èyí.

Bí ẹ bá jókòó sókè lórí àtẹ̀gùn ọdẹ, ilẹ̀ á gba ọta yín lẹ́yìn ẹran. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé yín gùn ún, kì í ṣe torí pé mo fẹ́ kí òtútù pa yín.

Ẹ fi awò olójú méjì wá ẹran, kì í ṣe awò orí ìbọn. Ẹni tó bá kọjú ìbọn sí ohun tí kò tíì mọ̀, mo máa ń gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ka agbo kí ẹ tó yìn. Ẹ kà á lẹ́yìn tí ẹ bá yìn. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀

Àṣìṣe tó burú jù lọ kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ìbọn. Wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ojú bá ń ti ẹni tó yìn ín. Ó fẹ́ wọ́ ewé bo èkejì. Ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ìwé àṣẹ tirẹ̀ gba èkejì mọ́ra, láìbèèrè bóyá òfin ibẹ̀ gbà kí àwọn ọdẹ pín ẹran bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀ fún igún. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ àṣìṣe di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ síbi tí wọ́n ṣubú sí, ẹ ya fọ́tò ibi tí ẹ dúró sí àti ibi tí wọ́n wà, kí ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n lé yín lórí. Lójú mi, ẹni tó kọ́kọ́ sọ òótọ́ ń sùn nílé ara rẹ̀. Wọ́n ṣì lè bu owó lé e, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tí wọ́n fojú ọ̀daràn wò.

Bí èkejì bá gbọgbẹ́ lọ, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó sáré tẹ̀ lé e. Èyí tó pupa fòò tó ń yọ ìfófòó, ẹ̀dọ̀fóró ni, kò ní jìnnà. Èyí tó dúdú, ẹ̀dọ̀ ni. Èyí tó ní ewé jíjẹ nínú tó sì ń rùn, ikùn ni, ẹ jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, torí bí ẹ bá lé e báyìí, yóò fi gbogbo agbára tó kù sára rẹ̀ sá. Ẹ wá ajá tó mọ ẹ̀jẹ̀ tọ̀, bó bá wà.

Oníbàárà mi tó ni magnum yẹn padà wá lọ́dún kejì. Ìbọn .308 àtijọ́ kan ló gbé dání, ó ní òun ti ta èyí tó kù. A jókòó láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú. Agbo ẹlẹ́dẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgalà jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ó gbé ìbọn sókè, ó wò, ó kà, ó sọ ọ́ kalẹ̀: òmíràn wà lẹ́yìn. Kò yin ọta kan. Nígbà tí a ń rìn padà sí ọkọ̀, ó bi mí bóyá mo máa dá ìdajì owó òun padà, nítorí pé òun ò pa nǹkan kan. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n mo lè yá a ní téèpù dúdú díẹ̀.